Bí Mo Ṣe Lọ Gba Apá Giramafóònù ní Ìlú Fẹ́ẹ́rẹ́

Òjò ti dé, ẹ ò níbi tí ẹ ń lọ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi kí aṣọ yín má baà tutù, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ òjò, ẹ ti kó sọ́wọ́ Ọdẹ́rìndé. Ẹ jókòó. Ẹ sún fún ara yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti gbọ́ bí mo ṣe pa ẹfọ̀n mẹ́ta ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Irọ́ ni. Ẹfọ̀n kan ni, ó sì ti ń ṣàìsàn kí n tó bá a. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, mi ò ní bù mọ́ ọn, nítorí ìtìjú ló pọ̀ nínú rẹ̀, ta ni yóò sì jókòó máa parọ́ láti dójú ti ara rẹ̀?

Ẹ gbójú sókè wo àjà yìí. Pákó ni. Òun náà ni ilẹ̀ yàrá òkè, níbi tí giramafóònù mi wà. Ẹ fi sọ́kàn, a ó padà dé orí rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, mo rí ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró, mo ní òun ni màá fẹ́. Bàbá rẹ̀ gbà. Àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ gbà. Ó wá ku Ẹfúnyẹmí, ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Ẹfúnyẹmí. Bí obìnrin yẹn bá ń sun rárà, àwọn tó ń jà á dáwọ́ ìjà dúró, wọ́n á gbọ́ ọ tán kí wọ́n tó tún gbá ara wọn mú. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: àyà á kan ilẹ̀, àgbọ̀n á kan ilẹ̀, ẹni tí à ń kí á wá ní kí á dìde. Kò sọ ọ́. Ó wò mí títí, ó dìde lórí àpótí rẹ̀, ó wọlé lọ. Mo wà nílẹ̀. Oòrùn kúrò lẹ́yìn mi, ó bọ́ sí ìbàdí. Adìyẹ kan gun orí mi, ó dúró síbẹ̀ wo ìgboro. Nígbà tó yá, bàbá ìyàwó mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé mi dìde, ó ní, "Ọmọ mi, máa lọ sílé, àwa ti gbà." Mo mọ̀ pé "àwa" yẹn ò kan ìyá.

A ṣe ìgbéyàwó. Kò pẹ́ sí i, àwọn tó ń ṣe àwo orin l'Ékòó ránṣẹ́ pe Ẹfúnyẹmí. Ó lọ, ó sun rárà sínú àwo kan ṣoṣo, ó sì gbé àìsàn bọ̀ láti ọ̀nà. Orí ẹní ló wà tó fi gbé àwo náà fún Àwẹ̀ró. Ó ní, "Ohun tí mo ní í sọ fún ọkọ rẹ, mo ti sọ ọ́. Ìparí àwo ló wà. Ẹ lọ gbọ́ ọ." Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló kú.

Mo fi awọ ẹkùn kan gba giramafóònù lọ́wọ́ oníṣòwò kan, a gbé e sí yàrá òkè. Mo yí ọwọ́ rẹ̀, mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Rárà ń lọ, orí mi ń wú. Nígbà tí abẹ́rẹ́ sún mọ́ àárín, rárà dáwọ́ dúró, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lásán bí ẹni tó jókòó tì wá. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi..." Abẹ́rẹ́ bá fò. Ó ha àwo ṣàà, ó dé àárín, ó parí. Kí ni ìyá sọ tẹ̀ lé e? Ṣé ó súre fún wa ni, àbí ó ṣépè? A tún un gbé. "Ọkọ ọmọ mi..." Ṣàà.

Ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀yin ènìyàn mi! A ò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lọ. Èmi nìkan ló ń fọwọ́ kan giramafóònù náà, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn sún mọ́ ọn, nítorí èmi lọ̀gá. Àwẹ̀ró á wà lórí ìkúnlẹ̀, á dijú, á máa retí. Èmi náà ń ṣe tèmi, mi ò jẹ́ ìpè ìyá ìyàwó mi lórí ìdúró rí, wọ́n kọ́ mi nílé. Bí abẹ́rẹ́ bá ti fò, Àwẹ̀ró á nu ojú, á sọ̀ kalẹ̀ lọ dáná. Ọmọ márùn-ún la bí. Nígbà tí èkejì wọn kú, ó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Baálé mi, ṣé ìyá mi ò gbà fún wa ni?" Ìbéèrè yẹn dùn mí ju ìgbà tí àgbọ̀nrín fi ìwo gún mi nítan lọ.

Ọdún kan, Bísíríyù tó ń tún giramafóònù ṣe gba abúlé wa kọjá. Mo pè é wọlé. Ó wo ẹ̀rọ náà yíká, ó fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti tábìlì, ó ń fi ọwọ́ yí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ẹ̀yìn apá tó gbé abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n kàn mọ́ ojú kan, orí rẹ̀ ló ń rìn. Títẹ̀ bí ọrun ló ń rìn. Ẹ̀rọ tó kọ àwo yìí, tààrà ló rìn láti etí dé àárín. Bí apá tiyín bá ti ń sún mọ́ àárín, abẹ́rẹ́ á máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ohùn há ní ìparí àwo."

"Kí ni ká ṣe sí i?"

"Apá kan wà tó ń rìn tààrà. Wọn ò kàn án mọ́ ibì kankan. Orí afẹ́fẹ́ ló ń gùn lọ. Ìlú Fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, lẹ́yìn Igbó Ẹlẹ́sẹ̀-Ìṣó." Ó wá rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo padà dé láti ìrìn àjò náà ló tó sọ fún mi pé àwàdà lòun ń ṣe nípa ìlú yẹn. Kí ó tó mu omi tán, mo ti ń di ẹrù. Mo yọ apá àtijọ́ kúrò lára giramafóònù, mo jù ú sínú àpò ọdẹ mi kí n lè fi wọ̀n tuntun.

Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Baálé mi, bí ẹ bá mú apá yẹn lọ, kí ni màá fi gbọ́ ohùn ìyá mi títí ẹ ó fi dé?"

Mo ní, "Oṣù kan ni."

Ọdún mẹ́ta ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Mo rin ìrìn oṣù mẹ́ta kí n tó bọ́ sí Igbó Ẹlẹ́sẹ̀-Ìṣó. Àwọn iwin ibẹ̀ ga bí ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ìṣó ńlá sì kan ẹsẹ̀ náà mọ́ ilẹ̀. Gbogbo ara yòókù ló ń yí. Bí wọ́n bá fẹ́ mú nǹkan, wọ́n á fì wá, wọ́n á fì lọ. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ wò mí lójú.

"Ibo ni wọ́n kàn ọ́ mọ́?"

"Wọn ò kàn mí mọ́ ibì kankan."

"Háà! Ọmọ ọlọ́mọ ń rìn káàkiri láìní ìṣó! Ẹ bá mi mú òòlù wá!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ìwà akin. Mo yọ ìbọn, mo pe ọfọ̀ tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, mo dárúkọ gbogbo ẹran tí mo ti pa, títí kan méjì inú àwọn ẹfọ̀n tí mi ò pa, mo wá fa ìbọn. Ẹ̀tù inú rẹ̀ ti tutù. Ó ṣe fìì, ó dákẹ́. Iwin náà fì wá, ó gbá mi ní àbàrá. Àbàrá yẹn gbé mi dé ọ̀dọ̀ èkejì, èkejì náà fì, ó gbá mi lé ẹ̀kẹta lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbá mi lọ nìyẹn láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó gbá mi kẹ́yìn gbá mi jáde sínú pápá, mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé mo ti la igbó já. Ẹ̀yin tí mo ti sọ fún rí pé ìjà ni mo fi la igbó yẹn já, ẹ foríjì mí.

Ọjọ́ kẹta ni mo dé bodè Ìlú Fẹ́ẹ́rẹ́. Oníbodè jẹ́ bàbá arúgbó kan tí kò wúwo rárá, wọ́n fi okùn so ó mọ́ èèkàn kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ó ń fì lókè orí mi, ó ní, "Ọdẹ, dá mi lóhùn kí o tó kọjá. Kí ló dọ̀bálẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún tí kò tíì dìde?"

"Ejò."

"Ejò ń gbórí sókè."

"Ẹní."

"Wọ́n ń ká ẹní láràárọ̀."

"Ọ̀nì etí odò."

"Bí ebi bá pa ọ̀nì, á dìde."

Mo dárúkọ ebè, mo dárúkọ ọlọ, mo dárúkọ alángbá. Mo dárúkọ ọ̀lẹ kan ní abúlé wa tí ẹ̀yin náà mọ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí okùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó ní, "Wọlé. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn yìí kò nílò ohun tí o wá gbà." Inú mi dùn gan-an. Mo rò pé ó yìn mí ni.

Kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ nílùú yẹn. Wọ́n ń rìn lórí afẹ́fẹ́, àárín ẹsẹ̀ wọn àti ilẹ̀ ò ju kí èèrà gba ibẹ̀ kọjá lọ. Ilé wọn náà ò kan ilẹ̀. Èmi nìkan ló ń lọ gbì, gbì, gbì, àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn, wọ́n ń ní, "Ẹ rọra, àlejò, ẹ rọra." Wọ́n mú mi dé iwájú ọba wọn, Onífẹ́ẹ́rẹ́, tó jókòó sórí afẹ́fẹ́ tí àwọn ìjòyè rẹ̀ sì yí i ká. Mo ní kí n fi hàn wọ́n pé ilé rere la ti bí mi. Mo fò sókè, mo dọ̀bálẹ̀ gbàgà!

Ààfin mì. Àwọn ìjòyè bọ́ lulẹ̀ bí ọsàn, adé ọba yí lọ sábẹ́ ìlẹ̀kùn. Onífẹ́ẹ́rẹ́ dì mọ́ òpó kan, ó ní, "Àlejò, ṣé o wá kí mi ni, àbí o wá wó mi?" Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Lọ́kàn mi, mo ní ilé wọn ni wọn ò kọ́ dáadáa.

Mo sọ ohun tí mo wá. Ọba fi apá náà hàn mí. Ọ̀pá fàdákà kan ni, wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, afẹ́fẹ́ ń jáde láti inú àwọn ihò náà. Òrùka gbọọrọ kan wọ ọ̀pá náà lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò kàn án, afẹ́fẹ́ ló wà láàárín wọn. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ọ̀pá tín-ín-rín tó yọ lára òrùka yẹn. Ọba fi èémí imú rẹ̀ tì í, ó yọ́ lọ tààrà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kò dún rárá. Itọ́ ńlá ni mo gbé mì.

Ọba ní òun ò tà á, àfi kí n ṣiṣẹ́ gbà á. Wọ́n ta okùn láti ògiri kan dé èkejì. Ó ní kí n fi ẹnu fẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ òrofó kan gba òkè okùn náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí ó má kan okùn, kí ó má sì bọ́ sílẹ̀. Mo ní iṣẹ́ àárọ̀ kan péré ni. Bí ìyẹ́ bá ti dé ìdajì ọ̀nà, inú mi á dùn, màá pariwo pé, "Èmi Ọdẹ́rìndé!" Ìyẹ́ á bọ́. Màá tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni mo fi wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú yẹn á wá jókòó wò mí bí ẹni ń wo eré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rẹ̀ mí débi pé mi ò rántí yin ara mi. Àwẹ̀ró ni mo rántí, bó ṣe máa ń nu ojú kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ dáná. Ó yé mi pé mo ti gbé apá àtijọ́ sá lọ, pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ń rí gbọ́ tẹ́lẹ̀ gan-an, mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì mí. Mo fẹ́ ìyẹ́ náà jẹ́jẹ́, mi ò sọ nǹkan kan. Ó dé òdìkejì. Mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún.

Ọba gbé apá náà lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú agbè kan tí a ó máa kó afẹ́fẹ́ sí kí ó má baà máa já. "Ohun mẹ́ta ni kí o fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́, gbé abọ́ omi tó kún dẹ́nu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Bí omi bá dàgẹ̀rẹ̀, apá yóò yọ́ lọ. Èkejì, ẹni tó ń tẹ ẹwìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ agbè kò gbọdọ̀ sinmi. Ẹ̀kẹta..."

"Kábíyèsí," mo ní, "ó ti yé mi."

Ó wò mí, ó mi orí. Mo ti ń lọ.

Ìrìn àbọ̀ ò ní ìtàn. Àwọn Ẹlẹ́sẹ̀-Ìṣó gbá mi padà bí wọ́n ṣe gbá mi lọ.

Nígbà tí mo wọlé, Àwẹ̀ró ń ṣa ìrẹsì. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀. Oṣù kan yẹn gùn." Ó tẹ̀ lé mi gòkè. Mo yá ẹwìrì lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, mo so ó mọ́ agbè, mo so agbè mọ́ apá. Mo gbé abọ́ omi kalẹ̀. Àwẹ̀ró ló ń tẹ ẹwìrì, ojú rẹ̀ sì ní láti wà lára omi náà. Nínú gbogbo ọdún tí a ti ń gbọ́ àwo yẹn, ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí kò dijú.

Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ohùn Ẹfúnyẹmí jáde bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Apá náà ń yọ́ lọ tààrà, kò gbọ̀n, kò há. Ó dé ìdajì. Ó dé ìparí rárà. Ìyá ní, "Ọkọ ọmọ mi..."

Mo fò sókè, mo dọ̀bálẹ̀ gbàgà!

Pákó mì. Omi ta jáde nínú abọ́, ó ta sí mi lórí. Apá tuntun yọ́ kọjá lójú àwo wììì, ó lọ gbá ìpẹ̀kun ọ̀pá rẹ̀. Mo wà nílẹ̀, mo ń retí kí ìyàwó mi nu ojú. Ẹwìrì ti dáwọ́ dúró.

"Baálé mi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọra, "ẹ̀yin ni."

"Èmi kí ni?"

"Omi ló kọ́kọ́ fò. Ẹ̀yin ṣubú, omi fò, abẹ́rẹ́ wá fò. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin ni láti ọjọ́ yìí wá!"

Mo wo pákó. Mo wo omi. Mo rántí bí ààfin Onífẹ́ẹ́rẹ́ ṣe mì, mo sì mọ ohun kẹta tí mi ò jẹ́ kí ọba sọ tán. Ọdọọdún ni mo ń dọ̀bálẹ̀ fún ohùn ìyá ìyàwó mi, pẹ̀lú gbogbo ara ńlá yìí, lórí pákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí giramafóònù wà. Èmi fúnra mi ni mo ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ikùn mú, ó rín in títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún, mi ò sì lè wò ó lójú.

Nígbà tó yá, ó fi ìpẹ̀kun ìró nu ojú, ó tún bu omi kún abọ́. "Ẹ jókòó sórí àga, ká tún un gbé."

"Kí n jókòó gbọ́ ìyá rẹ? Láéláé!"

"Ó dáa. Ẹ wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ má mira. Èmi ni màá gbé abẹ́rẹ́ sí i lónìí."

Òun ló gbé e. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rárà dé òpin rẹ̀, mo fi àgbọ̀n ti pákó, èémí mi ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ ẹwìrì, mo gbọ́ ohùn. Ìyá ní:

"Ọkọ ọmọ mi, dìde. Ilẹ̀ yẹn tutù. Lọ́jọ́ tí o wá, ẹkún ló gbà mí lọ́fun, mi ò fẹ́ kí o rí i, ni mo ṣe wọlé. Kí n tó nu ojú jáde, wọ́n ti gbé ọ dìde, o ti lọ. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo lo mú lọ yẹn. Mo fi í fún ọ tọkàntọkàn. Dìde, ọmọ mi."

Àwo parí. Mo fẹ́ dìde, ara kọ̀. Àwẹ̀ró wá kúnlẹ̀ tì mí, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká mi. Ó ní, "Ìyá mi ní kí ẹ dìde." A jọ dìde. Nígbà yẹn ni mo tó mọ ìdáhùn tí oníbodè ń wá lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo yọ apá àtijọ́ nínú àpò ọdẹ, mo dè é padà, mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí Àwẹ̀ró tó gbé abẹ́rẹ́. Ohùn náà há díẹ̀ ní ìparí bí Bísíríyù ṣe wí, ṣùgbọ́n ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìfò. Ọdún mẹ́ta, àbàrá àìmọye, ìyẹ́ òrofó! Mo ní kí n ju apá tuntun náà nù kí ẹnì kankan má baà mọ̀. Àwẹ̀ró ò gbà, ó ní bí kì í bá ṣe abọ́ omi Onífẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ì bá ṣì máa fò títí a ó fi kú. Ó wí bẹ́ẹ̀ láti tù mí nínú ni. Mo sì jẹ́ kí ó tù mí nínú.

Ṣé ẹ rí i, òjò ti dá. Ẹ lè máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra dìde. Àwẹ̀ró ti gbé abẹ́rẹ́ lé àwo lókè.